Ẹja Inú Àpótí Gíláàsì: Ìtàn tí ó Kàn Wá

Bí a bá sọ fún àgbàlagbà kan ní Banigbé pé àwọn ènìyàn kan ń ra ẹja, kì í ṣe fún ọbẹ̀, bí kò ṣe láti máa wò ó nínú ilé, ó ṣeé ṣe kí ó rẹ́rìn-ín. Síbẹ̀, àṣà yìí ti pẹ́, ó sì kan odò àti àbàtà wa ju bí a ti rò lọ.

Àwọn baba ńlá wa mọ ìtọ́jú ẹja. Ní adágún Nokoué àti ní ọ̀sà Àjàṣẹ́, àwọn apẹja máa ń ri ẹ̀ka igi mọ́ ìsàlẹ̀ omi kí ẹja lè rí ibi sá sí, kí wọ́n sì máa bí sí i. Èyí ni acadja. Ní àfonífojì odò Ouémé, wọ́n ń gbẹ́ kòtò gígùn tí a mọ̀ sí whedo. Bí àkúnya omi bá fà, ẹja a kù sínú rẹ̀. Oúnjẹ àti ọjà ni wọ́n ń wá.

Ìmọ̀ ni ó bí àpótí gíláàsì ní tirẹ̀. Ní 1832, Jeanne Villepreux-Power, obìnrin ọmọ ilẹ̀ Faransé tí ó ń gbé ní Messina, ní erékùṣù Sicily, lo irú àpótí bẹ́ẹ̀ láti fi ṣọ́ ẹ̀dá inú òkun kan tí a ń pè ní argonaute. Àwọn ọ̀mọ̀wé ń jiyàn bóyá ńṣe ni ẹ̀dá yìí jí ìkarahun rẹ̀ gbé. Obìnrin yìí fi ojú ara rẹ̀ rí i pé òun fúnra rẹ̀ ni ó ń ṣe é. Ní 1853, wọ́n ṣí ilé ẹja fún aráyé ní ọgbà ẹranko London. Ní ọdún tí ó tẹ̀ lé e, ìwé Philip Henry Gosse tan orúkọ náà, aquarium, ká. Kò pẹ́ tí àpótí náà fi wọ ilé àwọn ọlọ́rọ̀.

Lẹ́yìn ìmọ̀ ni agbára ìjọba dé. Ní 1931, nígbà Ìpàtẹ Àwọn Ilẹ̀ Àmúnisìn ní Paris, wọ́n kọ́ aquarium sí abẹ́ ààfin Porte Dorée láti ṣàfihàn ẹja inú omi àwọn ilẹ̀ tí Faransé ń ṣàkóso. Dahomey, bí a ti ń pe ilẹ̀ wa nígbà náà, wà lára àwọn ilẹ̀ tí Faransé ń ṣàkóso. Aquarium ọ̀hún ṣì wà níbẹ̀ títí di òní.

Ẹja kan láti ẹkùn wa ti di ará ilé ní òkèèrè báyìí. Ó gùn tẹ́ẹ́rẹ́ bí ejò, ó sì ní ẹ̀dọ̀fóró tí ó fi ń mí afẹ́fẹ́. Láti odò Ouémé títí dé Cameroon ni a ti ń rí i. John Alexander Smith kọ àpèjúwe rẹ̀ ní Edinburgh ní 1865, ó sì sọ ọ́ ní Erpetoichthys calabaricus, nítorí Calabar. Ẹlẹ́mìí pẹ̀lẹ́ ni. Òru ni ó ń jẹ̀, kòkòrò, ekòló àti edé sì ni oúnjẹ rẹ̀. Ó jọ ẹja òkun kékeré kan tí àwọn olólùfẹ́ aquarium ń tọ́, Nemateleotris magnifica, láti òkun Íńdíà àti Pàsífíìkì. Àwọn méjèèjì kì í jà, wọ́n fẹ́ràn ibi ìfarapamọ́, wọ́n sì máa ń bọ́ síta kúrò nínú àpótí tí kò ní ìdérí.

Níhìn-ín ni ọ̀rọ̀ ti dùn wá. Nítorí pé ó ṣòro fún ẹja wa yìí láti bímọ nínú àpótí, inú àbàtà ni a ti ń kó èyí tí ó pọ̀ jù lọ nínú wọn. Àbàtà ọ̀hún kan náà ni a ń fà gbẹ fún oko àti ilé. Ẹni tí ó wà ní Paris tàbí Berlin mọ ohun tí ẹja yìí ń jẹ àti ìgbà tí ó ń sùn. Ọ̀pọ̀ akẹ́kọ̀ọ́ wa, tí omi rẹ̀ kò jìnnà sí, kò mọ̀ pé ó wà.

Àwọn àgbà ní, odò tí ó bá gbàgbé orísun rẹ̀, gbígbẹ ni yóò gbẹ. Ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́, ẹ bi àwọn apẹja léèrè orúkọ tí wọ́n ń pe ẹja kọ̀ọ̀kan ní èdè wa, ẹ kọ ọ́ sílẹ̀ pẹ̀lú oṣù tí wọ́n ń rí i àti irú omi tí ó ń gbé. Gíláàsì ni Villepreux-Power fi ríran. Ìwé àti kálàmù tó fún wa láti bẹ̀rẹ̀, kí omi tó gbẹ.