Ta Ló Kun Àwọn Ẹyẹ Wọ̀nyí?

Ní ọ̀dọ̀ wa, tí ẹ bá gbọ́ agogo gbàǹjo, ẹ ti mọ̀ pé ẹrù onígbèsè ni wọ́n ń tà, tàbí mọ́tò tí ìjọba ti lò gbó. Èmi náà kò mọ gbàǹjo mìíràn títí mo fi lọ kí ẹ̀gbọ́n mi ní Peckham, ní Lọ́ńdọ̀nù, tí mo bá ara mi nínú gbọ̀ngàn kan tí wọ́n ti ń ta àwòrán ẹyẹ. Bẹ́ẹ̀ ni o, àwòrán ẹyẹ lórí bébà! Ọkùnrin tó ń tajà kò lu agogo, òòlù kékeré ló mú lọ́wọ́. Ẹnikẹ́ni kò pariwo. Ẹni tó bá fẹ́ rà yóò kàn na páálí tí wọ́n kọ nọ́ńbà sí sókè, owó á sì máa gòkè.

Mo na tèmi. Pọ́n-ùn 85 ni òòlù fi dún fún mi lórí àwòrán àwọn odídẹrẹ́ Carolina, ara wọn bí ewé, orí wọn pọ́n bí ìyeyè. Orúkọ Audubon wà nínú ìwé ọjà, mo sì ti gbọ́ pé ayé ń wá iṣẹ́ ọkùnrin náà. Ìyá àgbà òyìnbó kan tó jókòó tì mí ló da omi tútù sí mi lọ́kàn. Ó yọ awò kékeré kan nínú báàgì rẹ̀, irú èyí tí àwọn tó ń tún aago ṣe máa ń fi sójú, ó ní kí n fi wò ó. Kí ni mo rí? Tó-tó-tó ni gbogbo rẹ̀, àmì kéékèèké bí orí abẹ́rẹ́, bí a ṣe ń rí i nínú fọ́tò ìwé ìròyìn. Èmi tí mo ti ń jẹun nídìí ìwé ìròyìn láti ogún ọdún! Ẹ̀rọ ló ṣe é, ọwọ́ ẹnikẹ́ni kò kùn ún. Ìyá náà nàka sí ọ̀rọ̀ kékeré kan níwájú orúkọ Audubon nínú ìwé ọjà: "after". Ìtumọ̀ rẹ̀ láàárín wọn ni pé ẹlòmíràn ló wo iṣẹ́ ọkùnrin náà ṣe é. Wọn kò purọ́ fún mi. Èmi ni mi ò kàwé.

Ẹ̀gbọ́n mi rẹ́rìn-ín títí. "Àbúrò, nítorí bébà lo ṣe fi owó oúnjẹ ṣeré?"

"Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ má bínú. Ẹ jẹ́ kí n wádìí ohun tó sọ bébà di góòlù."

Ìwádìí yẹn ló bí ohun tí ẹ ń kà yìí.

Ní 1785 ni wọ́n bí John James Audubon ní Les Cayes, ní ilẹ̀ tí à ń pè ní Haiti lónìí. Ọ̀gá ọkọ̀ ojú omi, ọmọ ilẹ̀ Faransé, ni bàbá rẹ̀. Ó ní oko ìrèké, ó sì ní ẹrú. Ẹ má gbàgbé pé àwọn èèyàn tiwa, tí wọ́n ń pè ní Nàgó, wà lára àwọn tí wọ́n kó lọ sí ilẹ̀ náà. Faransé ni wọ́n ti tọ́ Audubon dàgbà, ó sì dé Amẹ́ríkà ní 1803. Ó ṣòwò ní Kentucky, òwò náà dojú dé, gbèsè gbé e dé ẹ̀wọ̀n ní 1819. Ní ọdún yẹn kan náà ló mú ẹrú ọkùnrin méjì wọ ọkọ̀ kékeré, wọ́n gba odò Mississippi lọ sí New Orleans. Nígbà tí wọ́n débẹ̀, ó ta ọkọ̀ náà, ó sì ta àwọn méjèèjì. Mo ka ibẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì kí n tó ṣí ìwé síwájú.

Lẹ́yìn èyí ló gbájú mọ́ ẹyẹ. Yóò yìnbọn pa á, yóò fi wáyà gbé e dúró bí ẹni pé ó ṣì wà láàyè, yóò wá yà á bó ṣe tóbi gan-an. Ìdí nìyẹn tí bébà ìwé rẹ̀, The Birds of America, fi ga ju ẹsẹ̀ bàtà mẹ́ta lọ. Ẹyẹ flamingo, ẹlẹ́sẹ̀ gígùn, ní láti tẹ ọrùn rẹ̀ ba kí bébà tó gbà á. Kò rí ẹni bá a tẹ̀ ẹ́ ní Amẹ́ríkà, ó wọkọ̀ lọ sí Britain ní 1826. Lizars ní Edinburgh ló bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ náà. Mẹ́wàá àkọ́kọ́ ló fín tí àwọn tó ń kun àwòrán fi daṣẹ́ sílẹ̀ ní 1827. Iṣẹ́ wá bọ́ sọ́wọ́ Robert Havell ní Lọ́ńdọ̀nù, tó parí rẹ̀ ní 1838. Àwòrán 435 ni gbogbo rẹ̀.

Báwo ni wọ́n ṣe ń ṣe é? Wọn yóò fín ẹyẹ sára awo bàbà, wọn yóò fi tàdáwà dúdú pa á lára, wọn yóò nù ún kí tàdáwà lè ṣẹ́ kù sínú ojú ìlà nìkan, wọn yóò wá fi ẹ̀rọ tẹ bébà tútù mọ́ ọn. Ẹyẹ dúdú lórí bébà funfun ló ń jáde. Gbogbo àwọ̀ tó kù, láti orí ìyẹ́ dé ẹyinjú, ọwọ́ èèyàn ló ń fi búrọ́ọ̀ṣì kùn ún, bébà kan lẹ́yìn òmíràn. Nǹkan bí àádọ́ta èèyàn ló ń kùn ún fún Havell nígbà tí iṣẹ́ pọ̀. Bébà tó gba ọwọ́ wọn kọjá ju 70,000 lọ. Ẹ wo ìsàlẹ̀ àwòrán: orúkọ Audubon wà níbẹ̀, ti Havell wà níbẹ̀. Tiwọn ńkọ́? Kódà Joseph Mason, ọmọ ọdún 13 tó bá Audubon rìn ní 1820, tó ya ewé àti òdòdó sí àwòrán tó lé ní 50, orúkọ tirẹ̀ náà kò sí níbẹ̀.

Pọ́n-ùn 2 àti ṣílè 2 ni oníbàárà ń san lórí àwòrán márùn-ún nígbà náà, tí gbogbo rẹ̀ fi di pọ́n-ùn 182 àti ṣílè 14. Odindi ìwé tí wọ́n ṣe kò tó igba. Nǹkan bí 120 ló ṣẹ́ kù. Ní 1863, Lucy, opó Audubon, ta ojúlówó àwòrán tí ọkọ rẹ̀ fọwọ́ ara rẹ̀ yà, dọ́là 4,000 péré. Àwọn awo bàbà náà di títà. Wọ́n ti ń yọ́ wọn ní ilé iṣẹ́ bàbà kan ní Connecticut kí Charles Cowles, ọmọ ọdún 14, tó rí ìyẹ́ ẹyẹ lára bàbà, tó sì bẹ̀bẹ̀ títí wọ́n fi dá díẹ̀ sí. Ní December 2010, ní gbàǹjo Sotheby's ní Lọ́ńdọ̀nù, odindi ìwé kan ṣoṣo lọ ní mílíọ̀nù 7.3 pọ́n-ùn.

Owó yìí ti kó bá ìwé náà. Àwọn oníṣòwò kan máa ń tú u palẹ̀, wọn a ta á ní ẹyọ kọ̀ọ̀kan bí ẹni ń ta ẹran. Irú ẹyọ bẹ́ẹ̀ ni mo rò pé mo rà. Ká ní mo ti gbé e sójú iná ni, ǹ bá ti wá orúkọ Whatman, aṣebébà, àti ọdún, nínú bébà náà. Ǹ bá ti fọwọ́ pa etí àwòrán bóyá awo bàbà tẹ̀ ẹ́ wọnú. Ìyá òyìnbó ló kọ́ mi ní gbogbo èyí. Òun náà ló sọ fún mi pé odídẹrẹ́ Carolina tí mo rà, kò sí láyé mọ́. Èyí tí wọ́n mọ̀ kẹ́yìn kú nínú ọgbà ẹranko ní Cincinnati ní 1918.

Kí n tó padà sílé, mo tún lọ sí gbàǹjo náà. Audubon ti ṣe ìwé kékeré kan ní Philadelphia láàárín 1840 sí 1844. Òkúta ni wọ́n fi tẹ èyí, ṣùgbọ́n ọwọ́ ni wọ́n fi kùn ún. Ẹyọ kan nínú rẹ̀, tí kò ju ìwé tí ọmọ ilé-ìwé ń kọ iṣẹ́ sí lọ, ni mo rà ní pọ́n-ùn 40, ẹyẹ kékeré kan bí ológoṣẹ́ lórí ẹ̀ka. Mo kọ́kọ́ fi awò wò ó. Kò sí tó-tó-tó. Ojú búrọ́ọ̀ṣì ni mo rí, ní ìsàlẹ̀ ewé kan sì rèé, àwọ̀ ewé ti ṣẹ́ kọjá ìlà.

Ẹ̀gbọ́n mi gbà á lọ́wọ́ mi, ó wò ó pẹ́.

"Ẹni yìí," ó ní, "ó ti rẹ̀ ẹ́ kó tó kan ewé yìí."