Nígbà tí ìtọ̀ kò bá gba ìdádúró: ohun tó yẹ kí àwọn obìnrin mọ̀ nípa àpò ìtọ̀ tó ń kánjú

Ní ọjọ́ kẹta ọdún Iléyá, tí àwọn ọmọ Ìjẹ̀bú bá pé sí ààfin Awùjalẹ̀ ní Ìjẹ̀bú-Òde fún ọdún Ojúde Ọba, ọ̀pọ̀ wákàtí ni àwọn obìnrin inú ẹgbẹ́ regbẹ́rẹgbẹ́ fi máa ń wà nínú aṣọ òkè àti gèlè kí ó tó kàn wọ́n láti lọ kí ọba. Obìnrin tí kò lè mú ìtọ̀ dúró mọ bí irú ọjọ́ bẹ́ẹ̀ ti máa ń gùn tó. Ẹlòmíràn kò ní fẹnu kan omi láti àárọ̀, ẹlòmíràn yóò ti wá ibi tí ilé ìtọ̀ wà kí ó tó wá ibi tí yóò jókòó sí, àwọn mìíràn kò sì ní lọ rárá, wọn yóò ní ara àwọn kò yá.

Ohun tó ń ṣe wọ́n kì í ṣe ìwà ọ̀bùn, kì í sì í ṣe ohun tí ọjọ́ orí kàn gbọ́dọ̀ mú wá. Àìsàn tó ní orúkọ ni, ó sì ní ìtọ́jú. Overactive bladder ni àwọn oníṣègùn òyìnbó ń pè é, ìyẹn àpò ìtọ̀ tó ń ṣiṣẹ́ ju bó ṣe yẹ lọ. Bí ìtọ̀ bá wá ń jò kí obìnrin tó dé ilé ìgbọ̀nsẹ̀, urge incontinence nìyẹn. Ìtumọ̀ tí ẹgbẹ́ àwọn onímọ̀ lágbàáyé, International Continence Society, gbé kalẹ̀ ní ọdún 2002 ni pé kí ìtọ̀ máa gbọ̀n ènìyàn lójijì lọ́nà tó ṣòro láti dá dúró, tí títọ̀ lemọ́lemọ́ lọ́sàn-án àti jíjí tọ̀ lóru sì sábà máa ń bá a rìn, nígbà tí kò sí kòkòrò àrùn nínú ìtọ̀ onítọ̀hún.

Àpò ìtọ̀ àgbàlagbà máa ń gba ohun tó tó omi inú ọ̀rá kan, ìyẹn nǹkan bí 50cl. Bí omi bá ń kún un, ẹran ara tó yí i ká yóò máa dẹ̀, yóò sì dúró de àṣẹ ọpọlọ kí ó tó fún omi jáde. Nínú àìsàn yìí, kì í dúró gba àṣẹ. Yóò fún ara rẹ̀ nígbà tí àpò kò tíì kún dé ìdajì. Ìdí nìyí tí obìnrin fi lè tọ̀ ju ẹ̀ẹ̀mẹjọ lọ lójúmọ́, tí èyí tó ń tọ̀ lẹ́ẹ̀kan kò sì ní tó nǹkan.

Ọ̀pọ̀ ènìyàn nílẹ̀ Yorùbá ló máa ń ka ohun gbogbo tó bá jẹ mọ́ ìtọ̀ sí àtọ̀sí, èyí sì ti dá ìjà sílẹ̀ láàárín tọkọtaya tí kò yẹ kó jà. Àtọ̀sí yàtọ̀, kòkòrò tí ènìyàn ń kó níbi ìbálòpọ̀ ló ń fà á. Àtọ̀sí ajá náà yàtọ̀, inú omi odò ni aràn rẹ̀ ti ń wọ ara, gẹ́gẹ́ bí wọ́n ti mọ̀ ọ́n dáadáa ní àwọn abúlé etí ìdídò Ọ̀yán nítòsí Abẹ́òkúta. Ẹ̀jẹ̀ máa ń wà nínú ìtọ̀ ẹni tó ní i, oògùn praziquantel sì ń wò ó. Èyí tó ń jò nígbà tí obìnrin bá wúkọ́, tó bá sín tàbí tó bá gbé ẹrù wúwo, àìlera ẹran ara ìsàlẹ̀ ikùn ló sábà ń fà á. Ṣùgbọ́n bí ìtọ̀ bá ń jò tọ̀sán tòru láìdáwọ́ dúró lẹ́yìn ìrọbí tó pẹ́, ó lè jẹ́ pé ihò ti lu láàárín àpò ìtọ̀ àti ojú ara. VVF nìyẹn, iṣẹ́ abẹ ló sì ń tún un ṣe.

Ìdí nìyí tí àyẹ̀wò fi gbọ́dọ̀ ṣáájú. Wọ́n á yẹ ìtọ̀ wò bóyá kòkòrò, ẹ̀jẹ̀ tàbí ṣúgà wà nínú rẹ̀, nítorí àtọ̀gbẹ máa ń mú ènìyàn tọ̀ lemọ́lemọ́. Fibroid tó ń tẹ àpò ìtọ̀, ìgbẹ́ tí kì í yà dáadáa, rọpárọsẹ̀ àti àyípadà ara lẹ́yìn tí nǹkan oṣù bá dá wà lára ohun tó lè fa wàhálà náà. Àwọn oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru kan bíi Moduretic sì wà tí iṣẹ́ wọn gan-an ni láti mú ènìyàn tọ̀. Kí ẹnikẹ́ni má ṣe dá wọn dúró fúnra rẹ̀. Dókítà ni kí ó bi bóyá àárọ̀ ló yẹ kí ó máa lò ó.

Àìmu omi ni àṣìṣe tó wọ́pọ̀ jù. Bí omi bá kéré lára, ìtọ̀ yóò ki, yóò sì máa ta àpò rẹ̀. Nǹkan bí ọ̀rá omi mẹ́ta sí mẹ́rin lójúmọ́ ló tó fún ọ̀pọ̀ àgbàlagbà, ó sì lè jù bẹ́ẹ̀ lọ nígbà ooru. Omi tí wọ́n fi rẹ gààrí Ìjẹ̀bú wà nínú òǹkà náà. Ohun tó yẹ kí wọ́n dín kù ni obì, kọfí, tíì àti ohun mímu inú agolo, nítorí kaféènì inú wọn, àti omi púpọ̀ ní wákàtí méjì sí mẹ́ta kí wọ́n tó sùn.

Àṣìṣe kejì ni kí obìnrin máa sáré lọ tọ̀ ní gbogbo ìgbà nítorí kí ó má baà jò. Ńṣe ló ń kọ́ àpò náà láti máa bèèrè ṣáá. Ìtọ́jú tó lágbára, tí kò sì náni ní kọ́bọ̀, ni láti tún un kọ́. Kí obìnrin kọ àkókò tó ń tọ̀ sílẹ̀ fún ọjọ́ mẹ́ta. Bí ó bá jẹ́ wákàtí kan-kan, kí ó fi ìṣẹ́jú 15 kún un ní ọ̀sẹ̀ kìíní, kí ó sì máa fi kún un díẹ̀díẹ̀ títí yóò fi di wákàtí mẹ́ta. Bí ìtọ̀ bá gbọ̀n ọ́n kí àkókò tó pé, kí ó má sáré. Kí ó dúró sójú kan tàbí kí ó jókòó, kí ó fún ojú ara rẹ̀ pọ̀ kíákíá lẹ́ẹ̀marùn-ún tàbí ẹ̀ẹ̀mẹfà, títí ìgbọ̀n náà yóò fi rọlẹ̀. Ó máa ń gba ọ̀sẹ̀ mẹ́fà sí 12, ọ̀sẹ̀ kìíní ló sì le jù.

Fífún ojú ara pọ̀ yìí ni eré ìdárayá tí dókítà ará Amẹ́ríkà nì, Arnold Kegel, sọ di mímọ̀ ní ọdún 1948. Bí ìgbà tí ènìyàn ń dá ìsó dúró ló rí. Wọ́n á fún un nǹkan bí ẹ̀ẹ̀mẹjọ sí mẹ́wàá, ẹ̀ẹ̀mẹta lóòjọ́, fún oṣù mẹ́ta ó kéré tán. Obìnrin tó ń tajà lè ṣe é lórí àga rẹ̀ láìsí ẹni tí yóò mọ̀.

Oògùn wà fún ẹni tí èyí kò bá tó. Oxybutynin, tolterodine àti solifenacin máa ń mú kí ẹnu gbẹ, kí ìgbẹ́ sì le, wọ́n sì lè da iyè rú fún àwọn ìyá àgbà. Mirabegron, tí wọ́n fọwọ́ sí ní Amẹ́ríkà ní ọdún 2012, kò ní púpọ̀ nínú ìwọ̀nyí, ṣùgbọ́n ó lè gbé ẹ̀jẹ̀ ríru sókè. Dókítà ló gbọ́dọ̀ yan èyí tó bá ara mu, kì í ṣe oníkẹ́míìsì.

Àwọn obìnrin Mùsùlùmí, tí wọ́n pọ̀ ní Ìjẹ̀bú-Òde, tún máa ń bẹ̀rù pé àlùwàlá àwọn kò ní dúró. Ẹ̀sìn Islam ní ìrọ̀rùn fún ẹni tí ìtọ̀ rẹ̀ kì í dá. Ọ̀dọ̀ aáfà ni kí wọ́n ti bèèrè rẹ̀ dípò kí wọ́n pa mọ́sáláṣí tì.

Àyẹ̀wò lè bẹ̀rẹ̀ ní ilé ìwòsàn ìjọba tó wà ní Ìjẹ̀bú-Òde, èyí tó bá sì ju agbára wọn lọ, wọ́n lè kọ ìwé rẹ̀ ránṣẹ́ sí ilé ìwòsàn ìkọ́ṣẹ́ ìṣègùn Yunifásítì Ọlábísí Ọ̀nàbánjọ ní Ṣàgámù. Ẹni tí ẹ̀jẹ̀ bá ń bá ìtọ̀ rẹ̀ jáde, tí ibà tàbí ìrora ẹ̀yìn bá mú, tí ìtọ̀ bá há mọ́ nínú, tàbí tí ẹsẹ̀ rẹ̀ bá ń kú, kí ó tètè lọ lọ́jọ́ náà gan-an.