Ipá Ọ́ìlì Tí Kò Dúró Sójú Kan Nínú Píkọ́ọ̀pù Àtijọ́

Ipá ọ́ìlì kò dúró sójú kan nígbà tí abẹ́rẹ́ tó ń kà á lórí dáṣíbọ́ọ̀dù bá ń ga tó ń wálẹ̀, tàbí tí iná pupa ọ́ìlì bá ń tàn tó ń kú. Ní Ìbàdàn àtijọ́, láti Ọjà'ba dé Mápó, Bẹẹrẹ àti Bẹyẹrúnkà, àrùn yìí kì í fara pamọ́ pẹ́, nítorí òkè àti sún-kẹrẹ-fà-kẹrẹ ọkọ̀ ló wà níbẹ̀. Àwọn píkọ́ọ̀pù tó ti dàgbà ló sábà máa ń ṣe: Datsun, Toyota Hilux, àti Peugeot 504, irú ọkọ̀ tí ilé iṣẹ́ Peugeot Automobile Nigeria bẹ̀rẹ̀ sí í tò ní Kàdúná lọ́dún 1975.

Bí ọ́ìlì ṣe ń rìn

Pọ́ǹpù ń fa ọ́ìlì láti inú àwo ìsàlẹ̀ ẹ́ńjìnnì gba inú asẹ́, ó ń tì í kọjá fílítà lọ sí àwọn bẹ́ríǹ tí kránkì ń yí nínú wọn. Àlàfo tóóró tó wà láàrin kránkì àti bẹ́ríǹ ló ń há ọ́ìlì mọ́ tí ipá fi ń wà. Bí àlàfo náà bá fẹ̀, tàbí tí ọ́ìlì bá ṣàn jù, ipá á wálẹ̀. Fáàfù onísípíríǹgì kan ń dá àpọ̀jù padà sínú àwo. Psi tí wọ́n fi ń wọn afẹ́fẹ́ táyà náà ni wọ́n fi ń wọn ipá ọ́ìlì. Òṣùwọ̀n tí ọ̀pọ̀ mekáníìkì ń tẹ̀ lé ni nǹkan bíi 10 psi fún ìyípo 1000 ní ìṣẹ́jú kan, nígbà tí ẹ́ńjìnnì bá ti gbóná. Ìwé ọkọ̀ ló ní èyí tó péye.

Ìgbà tí abẹ́rẹ́ ń wálẹ̀

Bí abẹ́rẹ́ bá já bí ọkọ̀ ti ń gun òkè Mápó, tó sì padà sípò nílẹ̀ títẹ́jú, ọ́ìlì kò tó: ìwọ̀nba tó kù ti ṣàn sẹ́yìn, asẹ́ sì ń fa afẹ́fẹ́.

Bó bá jẹ́ pé nínú sún-kẹrẹ Ọjà'ba ló ń wálẹ̀, tó sì ń ga bí awakọ̀ bá ti tẹ tọ́tù, ọ́ìlì ti fẹ́lẹ́ jù tàbí bẹ́ríǹ ti jẹ. Rọ́bà inú pọ́ǹpù epo àtijọ́ lè ya, kó máa da bẹntiróò sínú àwo. Ọ́ìlì á máa pọ̀ sí i lára ọ̀pá gééjì tí wọ́n fi ń wọn ọ́ìlì láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni bu kún un, á sì máa rùn bíi bẹntiróò.

Bó bá dára láàárọ̀, tó wálẹ̀ lórí eré, tó tún bọ̀ sípò lẹ́yìn ìsinmi, gẹ̀dẹ̀gẹ́dẹ̀ ló ń dí asẹ́. Bí ọ́ìlì bá pọ̀ jù, kránkì á pò ó títí yóò fi hó, abẹ́rẹ́ á sì máa gbọ̀n. Bí ìdọ̀tí bá há fáàfù ní ṣíṣí, ipá kò ní gòkè. Bó bá há ní pípadé, ipá á ga ju bó ṣe yẹ lọ. Abẹ́rẹ́ tó bá fò láti òdo dé òkè lẹ́ẹ̀kan náà, tí ohùn ẹ́ńjìnnì kò sì yí padà, wáyà tàbí sẹ́ńsọ̀ ni kí wọ́n fura sí.

Ìlànà àyẹ̀wò

Ohun tí kò náni lówó ni wọ́n fi ń bẹ̀rẹ̀. Wọ́n á gbé ọkọ̀ sórí ilẹ̀ títẹ́jú, wọ́n á pa ẹ́ńjìnnì fún ìṣẹ́jú mélòó kan, kí wọ́n tó fa ọ̀pá gééjì. Ọ́ìlì tó dà bíi tíì onímílíìkì ti gba omi. Lẹ́yìn náà, ríwáyà á yẹ wáyà wò. Wọ́n á tú sẹ́ńsọ̀, wọ́n á de gééjì ipá tí kì í lo iná sí ojú ihò rẹ̀, wọ́n á kà á ní tútù àti ní gbígbóná. Bí èyí bá dúró sójú kan tí ti dáṣíbọ́ọ̀dù ń fò, sẹ́ńsọ̀ tuntun ti tó. Bí méjèèjì bá jọ ń wálẹ̀, wọ́n á pààrọ̀ ọ́ìlì àti fílítà, wọ́n á sì la fílítà àtijọ́ wò: irin tó ń dán nínú rẹ̀ jẹ́ ti bẹ́ríǹ tó ń jẹ. Ìgbà yìí ló tó kan kí wọ́n sọ àwo kalẹ̀.

Ewu

Bí iná bá tàn tí kò kú, tí ìsàlẹ̀ ẹ́ńjìnnì sì ń kan gbàgbà, kí awakọ̀ pa á lójú ẹsẹ̀, kí wọ́n fa ọkọ̀ náà. Ọ́ìlì tó ki lè gbé abẹ́rẹ́ sókè fúngbà díẹ̀, ṣùgbọ́n kò lè tún bẹ́ríǹ ṣe. Ìdí nìyí tí ẹni tó fẹ́ ra píkọ́ọ̀pù àtijọ́ fi gbọ́dọ̀ wà á títí ẹ́ńjìnnì yóò fi gbóná dáadáa kó tó gba ẹ̀rí abẹ́rẹ́ gbọ́.