Ṣé Ká Pààrọ̀ Ẹ̀rọ Latex Wa? Ohun Tí Ìtàn Pátákó Sọ fún Mi

Bí ẹ bá wà nínú súnkẹrẹ-fàkẹrẹ, ẹ ki íápíìsì bọ etí. Bí ó bá sì jẹ́ pé ẹ̀ ń kà á lórí fóònù ni, ẹ rọra máa fìka tì í lọ, ọ̀rọ̀ náà kò gùn jù.

Ìbéèrè kan ló bí ètò tòní. Èmi àti ẹ̀gbọ́n mi jọ ní ṣọ́ọ̀bù kékeré kan ní Ṣómólú, níbi tí a ti ń ṣe pátákó àti sítíkà. HP Latex 360 là ń lò, irú èyí tó jáde ní 2014. Tòkunbọ̀ la rà á. Ẹnì kan tó ń ta ẹ̀rọ wá bá wa pé ká gbé e sílẹ̀, ká fi owó lé e, ká gba Latex 700W tó ní íǹkì funfun. Ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù la máa ti yá owó tí a ó fi lé e. Bí iṣẹ́ kò bá wọlé tó, owó ilé ṣọ́ọ̀bù àti owó oúnjẹ ọmọ iṣẹ́ méjì ló máa bá a lọ. Ṣé ká pààrọ̀ ẹ̀ àbí ká má pààrọ̀ ẹ̀?

Àwọn àgbà ní bí ọmọdé bá ṣubú, a wo iwájú. Bí àgbà bá ṣubú, a wo ẹ̀yìn. Èmi ò fẹ́ dúró dìgbà tí mo bá ṣubú kí n tó wẹ̀yìn. Mo lọ wo bí àwọn tó ṣe iṣẹ́ yìí ṣáájú wa ṣe ń pààrọ̀ irinṣẹ́, àti ohun tó ń mú kí irinṣẹ́ kan borí èkejì.

Ìgbà tí búrọ́ọ̀ṣì jọba

Kí kọ̀ǹpútà tó dé, ọwọ́ ni wọ́n fi ń kọ pátákó. Àwọn tí à ń pè ní àtíìsì ló ń ṣe é. Wọ́n á kun pákó tàbí páànù, wọ́n á fi ṣọ́ọ̀kì fa ìlà, wọ́n á wá fi búrọ́ọ̀ṣì kọ lẹ́tà níkọ̀ọ̀kan. Àwọn ló ń ya orí oríṣiríṣi sí ṣọ́ọ̀bù onígbàjámọ̀, àwọn ló ń kọ orúkọ aránṣọ, àwọn náà ló ń kọ ọ̀rọ̀ sára bọ́lẹ̀kájà.

Àwọn kan nínú wọn gbayì kọjá àdúgbò wọn. Ní Onitsha, Augustin Okoye, tó ń pe ara rẹ̀ ní Middle Art, ń kọ pátákó jẹun. Ulli Beier, ará Jámánì tó gbárùkù ti àwọn oníṣẹ́ ọnà Òṣogbo, ló kó iṣẹ́ rẹ̀ jọ tó sì fi han aráyé. Àwọn ilé-iṣẹ́ ńlá ní ọ̀nà tiwọn: ní òpin àwọn ọdún 1920 ni wọ́n dá West African Publicity sílẹ̀ láti máa polówó ọjà UAC. Òun náà ló padà di Lintas.

Ohun kan ni mo fẹ́ kí ẹ dì mú nínú ìtàn àtíìsì: kò sí irinṣẹ́ rẹ̀ kan tó jìnnà sí i. Bí búrọ́ọ̀ṣì bá jẹ, á rìn dé ọjà, á ra òmíràn, á sì parí iṣẹ́ kí ilẹ̀ tó ṣú.

Bí ẹ̀rọ ṣe wọlé

Ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1980, ilé-iṣẹ́ Gerber ní ìpínlẹ̀ Connecticut, ní Amẹ́ríkà, gbé ẹ̀rọ Signmaker jáde. Èèyàn á tẹ ọ̀rọ̀ sínú rẹ̀, ẹ̀rọ á fi abẹ gé lẹ́tà láti ara sítíkà. Ọ̀pọ̀ àwọn tó ń fi búrọ́ọ̀ṣì jẹun lọ́hùn-ún ló pàdánù iṣẹ́.

Inkjet ló tẹ̀ lé e. Ìtàn tí wọ́n máa ń sọ nípa Canon ni pé ní 1977, irin gbígbóná tí wọ́n fi ń jó wáyà pọ̀ ṣèèṣì kan abẹ́rẹ́ tí íǹkì wà nínú rẹ̀, íǹkì náà sì tú jáde fìì. Ibẹ̀ ni wọ́n ti rí i pé ooru lè máa ju íǹkì sórí bébà. HP náà ń bá irú iṣẹ́ yìí bọ̀ ní tiwọn, wọ́n gbé ThinkJet jáde ní 1984, wọ́n sì gbé DesignJet, tó ń tẹ bébà fífẹ̀, jáde ní 1991.

Àmọ́ íǹkì olómi ìgbà náà kò lè bá oòrùn àti òjò jà. Íǹkì solvent ló yanjú èyí, nítorí ó máa ń jẹ wọ inú ike, á sì dúró síbẹ̀. Òun ló bí flex tí gbogbo wa mọ̀: báánà ìsọjí, ẹ̀yìn ìyàwó lóde òwàǹbẹ̀, ojú olóṣèlú lórí òpó iná. Nígbà tí ẹ̀rọ solvent láti Ṣáínà di ohun tí apá ṣọ́ọ̀bù kékeré ká, búrọ́ọ̀ṣì kò rí ọ̀nà gbà mọ́. Pátákó wá pọ̀ tó bẹ́ẹ̀ tí ìjọba Èkó fi dá LASAA sílẹ̀ ní 2006 láti máa fètò sí i.

Kí ló fà á tí solvent fi borí? Àwòrán rẹ̀ kọ́ ló dára jù. Ó ń rùn, bí ẹ bá sì tẹ sítíkà tán, ẹ gbọ́dọ̀ jẹ́ kí afẹ́fẹ́ fẹ́ sí i tó ọjọ́ kan kí ẹ tó lè bò ó ní ọ̀rá. Ohun tó fi borí ni pé íǹkì rẹ̀ wà lọ́wọ́ ọlọ́jà púpọ̀, ẹni tó lè tún un ṣe sì wà ní òpópónà kejì. Ẹ rántí àtíìsì àti búrọ́ọ̀ṣì rẹ̀.

Latex dé

Ní 2008, níbi ìpàtẹ ẹ̀rọ ìtẹ̀wé drupa ní Düsseldorf, ní Jámánì, HP fi ẹ̀rọ latex àkọ́kọ́ han aráyé. L65500 ni wọ́n pè é, ìbú rẹ̀ sì jẹ́ íǹṣì 104. Ẹ má jẹ́ kí orúkọ yẹn tàn yín o: oje igi rọ́bà kò sí nínú rẹ̀. Omi ló pọ̀ jù nínú íǹkì náà, pẹ̀lú ike tí wọ́n lọ̀ kúnná ju lẹ́búlẹ́bú lọ. Ẹ̀rọ á fi ooru lé omi jáde, ike á yọ́, á sì lẹ àwọ̀ mọ́ sítíkà. Ó ń jáde ní gbígbẹ. Ẹ lè bò ó ní ọ̀rá lójú ẹsẹ̀, ẹ sì lè lẹ̀ ẹ́ mọ́ ògiri ilé ìwòsàn láìsí òórùn.

Ooru yẹn náà ni wàhálà rẹ̀. Àwọn ẹ̀rọ àkọ́kọ́ gbóná débi pé sítíkà fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ máa ń ká. Ní 2014, ìdílé Latex 300 fi omi kan kún un, tí wọ́n ń pè ní optimizer, tó ń di ẹ̀kán íǹkì mú síbi tó bọ́ sí, èyí sì jẹ́ kí ooru lè dín kù. Ní 2021, Latex 700 àti 800 dé, àwọn tó ní W lẹ́yìn nọ́ńbà wọn sì ní íǹkì funfun. Funfun yìí máa ń sìlẹ̀ bí a kò bá lò ó, nítorí náà wọ́n ṣe àyè kan tí ẹ lè yọ orí rẹ̀ sí, tí á máa yí i títí ẹ ó fi tún nílò rẹ̀. Ọgbọ́n gidi nìyẹn fún ẹni tí iṣẹ́ funfun kì í wá sọ́dọ̀ rẹ̀ lójoojúmọ́.

Àmọ́ ẹ wo èyí. L25500 ń lo íǹkì 789. L26500 ń lo 792. Latex 360 tiwa ń lo 831. Latex 700 ń lo 832. Kò sí èyí tó bá èkejì mu. Bí íǹkì ẹ̀rọ kan bá kúrò lọ́jà, ẹ̀rọ náà ti kú nìyẹn, bó tilẹ̀ ń dán bíi tuntun.

Iná àti dọ́là

Ẹ jẹ́ ká wá ṣírò ti ilé. Ká ní ẹ̀rọ kan ń jẹ kílówáàtì 4, tó ń ṣiṣẹ́ wákàtí 6 lóòjọ́, fún ọjọ́ 26 lóṣù. Yúníìtì 624 nìyẹn. Ní ₦68, ó jẹ́ ₦42,432. Ní oṣù kẹrin 2024, owó yúníìtì kan fún àwọn tó wà ní Band A di ₦225. Iṣẹ́ kan náà di ₦140,400 lóṣù, a ò sì tíì dárúkọ epo jẹnẹrétọ̀.

Ti dọ́là ńkọ́? Kí ìjọba tó tú náírà sílẹ̀ ní oṣù kẹfà 2023, nǹkan bí ₦470 ni dọ́là kan ní ọ̀nà ìjọba. Nígbà tó fi di oṣù kejì 2024, ó ti kọjá ₦1,500. Òkè òkun ni íǹkì wa ti ń wá. Ẹni tó bá yáwó ra ẹ̀rọ tuntun gbọ́dọ̀ rántí pé íǹkì inú rẹ̀ kò ní bá náírà dúró.

Ibi tí a fàbọ̀ sí

Ẹ̀gbọ́n mi fẹ́ ká pààrọ̀ ẹ̀. Wọ́n ní ẹni tó máa jẹ oyin inú àpáta kì í wo ẹnu àáké. Wọ́n ní oníbàárà tó ń fẹ́ sítíkà ara gíláàsì ti ń lọ síbi tí wọ́n ti ní funfun. Òótọ́ ni wọ́n sọ, n ò sì bá wọn jiyàn lórí ìyẹn. Ohun tí mo sọ ni pé ká ka iye wọn. A ṣí ìwé kan, a sì ń kọ gbogbo iṣẹ́ tí a dá padà nítorí funfun sínú rẹ̀. Lẹ́yìn oṣù mẹ́ta, èrè tó wà nínú gbogbo wọn kò tó san ìdajì owó tí ẹgbẹ́ á máa gbà lọ́wọ́ wa ní oṣù kan ṣoṣo.

A fẹnu kò báyìí: a ò ní pààrọ̀ ẹ̀ lọ́dún yìí. Íǹkì 831 ṣì wà lọ́jà. Orí ẹ̀rọ wa ṣeé fọwọ́ pààrọ̀ láìpe ẹnjiníà, a ó ra tuntun fún àwọn tó ti rẹ̀. Iṣẹ́ funfun tó bá wá, a ó gbé e fún aládùúgbò wa tó ní irú ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀, a ó sì gba ìwọ̀nba tiwa níbẹ̀.

Ṣùgbọ́n ọgbọ́n ọdúnnìí, wèrè ẹ̀míì ni. Nítorí náà, ẹ̀gbọ́n mi kọ nǹkan méjì sí ojú ìwé àkọ́kọ́ nínú ìwé yẹn. Bí 831 bá bẹ̀rẹ̀ sí í wọ́n lọ́jà, a ó pààrọ̀ ẹ̀. Bí èrè iṣẹ́ funfun nìkan bá tó san owó ẹgbẹ́ fún oṣù mẹ́ta léra wọn, a ó pààrọ̀ ẹ̀ lọ́jọ́ kejì. Wọ́n buwọ́ lù ú, èmi náà buwọ́ lù ú.

Bí ẹ bá ní ẹ̀rọ lọ́wọ́, bóyá ti aṣọ ni o, bóyá ti búrẹ́dì ni o, ẹ sọ fún mi: kí ni ẹ fi mọ̀ pé àsìkò ti tó láti pààrọ̀ ẹ̀? Ẹ fi ohùn yín ránṣẹ́ lórí WhatsApp, a ó gbọ́ díẹ̀ nínú rẹ̀ lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀. Ẹ sì fi èyí ránṣẹ́ sí ọ̀rẹ́ yín tó fẹ́ lọ yáwó ra ẹ̀rọ. Ó dìgbà kan ná.