Àwọn Àwòṣe Ìwádìí Nínú Ìmọ̀ Ètò Ìròyìn

Ọ̀nà kan kò wọ ọjà, bẹ́ẹ̀ ni ọ̀nà kan kò wọ inú ìmọ̀. Iṣẹ́ ìmọ̀ ètò ìròyìn ni láti wádìí bí ilé-iṣẹ́ ṣe ń kó ọ̀rọ̀ iṣẹ́ rẹ̀ jọ, bí ó ṣe ń tò ó, àti bí ó ṣe ń pín in fún àwọn tí yóò lò ó, pàápàá láti ìgbà tí kọ̀ǹpútà ti dé. Ní 1951 ni ilé-iṣẹ́ Lyons ní Lọ́ńdọ̀nù, àwọn tí ń ta tíì àti búrẹ́dì, bẹ̀rẹ̀ sí fi kọ̀ǹpútà wọn tí ń jẹ́ LEO ṣírò ọjà. Ṣùgbọ́n ó di 1977 kí ìwé àtìgbàdégbà MIS Quarterly tó jáde ní Yunifásítì Minnesota, ní Amẹ́ríkà. Ìmọ̀ tí ọjọ́ orí rẹ̀ kéré tó bẹ́ẹ̀ kò ní àwòṣe tirẹ̀; yíyá ni ó ń yá a lọ́wọ́ àwọn ẹ̀gbọ́n rẹ̀.

Àwòṣe ni àwòrán tí onímọ̀ yà sọ́kàn nípa ohun tí ń fa nǹkan, kí ó tó bẹ̀rẹ̀ ìwádìí. Ìbéèrè tí ó sì ti da àwọn onímọ̀ yìí láàmú jù ni pé: a ra ẹ̀rọ, a gbé e kalẹ̀, àwọn òṣìṣẹ́ kọ̀ ọ́, ta ni ó jẹ̀bi?

Lynne Markus dáhùn ní 1983. Ó kọ ìtàn ilé-iṣẹ́ ńlá kan, tí ó fi orúkọ rẹ̀ bò. Àwọn oníṣirò owó ní olú ilé-iṣẹ́ gbé kọ̀ǹpútà kalẹ̀ tí yóò máa kó ìṣirò gbogbo ẹ̀ka jọ. Inú wọn dùn sí i. Àwọn oníṣirò ti ẹ̀ka kò fẹ́ rí i sójú. Wọ́n ń pa ìwé owó tiwọn mọ́ lábẹ́lẹ̀. Ẹni tí ó bá yára yóò ní wọn kò lajú, tàbí pé ẹ̀rọ náà kò dára. Ṣùgbọ́n nígbà tí ọ̀kan nínú àwọn ará olú ilé-iṣẹ́ bọ́ sí ipò ní ẹ̀ka, òun náà kọ ẹ̀rọ ọ̀hún. Ènìyàn kan náà ni, ẹ̀rọ kan náà ni; ipò nìkan ni ó yí padà. Tẹ́lẹ̀ rí, àròpọ̀ ìṣirò ni ẹ̀ka ń fi ránṣẹ́. Ẹ̀rọ yìí ni ó jẹ́ kí olú ilé-iṣẹ́ máa yọjú sínú ìwé wọn nígbàkígbà. Ọ̀rọ̀ agbára ni.

Ọ̀nà mìíràn ni Fred Davis gbà ní 1989. Ó yá èrò Fishbein àti Ajzen, tí wọ́n ti kọ ọ́ ní 1975 pé ìgbàgbọ́ ènìyàn ni ń bí ìpinnu rẹ̀, kí ìpinnu tó bí ìṣe. Ohun méjì, ni Davis wí, ni òṣìṣẹ́ ń rò: ǹjẹ́ ẹ̀rọ yìí yóò ràn mí lọ́wọ́, ǹjẹ́ kò sì ni mí lára láti lò? Ènìyàn 152 ni ó bi léèrè. Ìrànlọ́wọ́ sì tẹ̀wọ̀n ju ìrọ̀rùn lọ. Àwòṣe yìí rọrùn kọ́, ó rọrùn wọ̀n, àwọn akẹ́kọ̀ọ́ sì rọ́ tọ̀ ọ́ bí èèrà ti ń rọ́ tọ ṣúgà. Nígbà tí ó di 2003, Venkatesh àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ti so irú àwòṣe bẹ́ẹ̀ mẹ́jọ pọ̀ di ọ̀kan. Àwọn mìíràn, bíi Hevner ní 2004, yà sí ti ẹni tí ń kọ́ ẹ̀rọ tuntun tí ó sì ń dán an wò.

Pé ènìyàn a máa lo ohun tí ó wúlò fún un, ọmọdé pàápàá lè sọ èyí. Ohun tí ó mú un wúlò gan-an ni a kò wádìí. Ẹ̀sùn tí Benbasat àti Barki fi kan àwòṣe Davis ní 2007 nìyẹn, ó sì tọ́. Àṣà wíwọ̀n ti gbilẹ̀ ṣáájú rẹ̀: Orlikowski àti Baroudi yẹ àròkọ 155 ti 1983 sí 1988 wò, wọ́n sì rí i pé ó lé ní 96 nínú ọgọ́rùn-ún tí ó tọ ọ̀nà kan ṣoṣo yìí.

Ọ̀rọ̀ náà kan ilẹ̀ Yorùbá. Láti 1989 ni àwọn onímọ̀ Yunifásítì Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ ní Ilé-Ifẹ̀ àti àwọn ará Finland ti jọ ń ṣe ètò kọ̀ǹpútà fún ilé-ìwòsàn yunifásítì náà. Mikko Korpela, ọ̀kan nínú àwọn ará Finland, béèrè ní 1996 bóyá àṣà ìbílẹ̀ ni gbòǹgbò ìdènà tí wọ́n bá pàdé, tàbí ètò ìṣèlú òun ọrọ̀-ajé. Ó gbé méjèèjì yẹ̀ wò, ó sì tẹ̀ sí èkejì. Bí ó bá jẹ́ pé àwòṣe tí ń bi òṣìṣẹ́ nìkan léèrè ni ó lò, àwọn akọ̀wé àti nọ́ọ̀sì ni ì bá dá lẹ́bi.