Àrokò: Bí ohun tí wọ́n fi di ẹ̀bùn ṣe ń sọ̀rọ̀ nílẹ̀ Yorùbá kí páálí àti ríbọ́n tó dé

Ní ọ̀rúndún kọkàndínlógún, ọkùnrin Yorùbá kan wà ní ìgbèkùn ní Dahomey, ilẹ̀ tó wà nínú orílẹ̀-èdè Benin lónìí. Ó fẹ́ kí ìyàwó rẹ̀ nílé mọ bí nǹkan ṣe rí fún òun. Kò kọ lẹ́tà. Ohun tó fi ránṣẹ́ ni òkúta kan, èédú kan, ata kan, àgbàdo yíyan àti àkísà kan, tí wọ́n di pọ̀ sínú ìdì kan ṣoṣo.

Ìtumọ̀ rẹ̀ kò ṣòro fún ẹni tó mọ̀ ọ́n kà. Òkúta ní ara òun ṣì le. Èédú ní ọjọ́ iwájú òun dúdú. Ata ní ọkàn òun ń gbóná bí iná. Àgbàdo yíyan ní ìyà ti mú kí ara òun gbẹ. Àkísà ní aṣọ ọrùn òun ti gbó tán.

Charles Andrew Gollmer, òjíṣẹ́ ìjọ CMS tó dé Badagry ní ọdún 1845, ló kọ ìtàn yìí sílẹ̀ nínú iṣẹ́ rẹ̀ kan lórí àrokò, èyí tí wọ́n tẹ̀ jáde ní London ní 1885.

Lónìí, bí ọdún bá ti ń sún mọ́lé, àwọn tó ń ṣe páálí ẹ̀bùn a máa ya owó ẹyọ sí i lára, wọn a fi àdìrẹ tàbí aṣọ òkè wé e. Ọ̀pọ̀ wọn ń ṣe é nítorí pé ó rẹwà. Àmọ́ nílẹ̀ Yorùbá àtijọ́, ohun tí wọ́n fi di nǹkan àti bí wọ́n ṣe dì í jẹ́ ọ̀rọ̀ fúnra rẹ̀, ẹni tó bá sì ṣì í dì lè fi dá ìjà sílẹ̀.

Owó ẹyọ mẹ́fà, owó ẹyọ mẹ́jọ

Àrokò tí ọ̀pọ̀ ènìyàn mọ̀ jù ni ti owó ẹyọ tí wọ́n so mọ́ okùn. Bí ọ̀dọ́mọkùnrin bá fi ẹyọ mẹ́fà ránṣẹ́ sí ọmọbìnrin, ohun tó ń sọ ni pé ọkàn òun fà sí i, nítorí "ẹ̀fà" àti "fà" jọ ń dún létí. Bí ọmọbìnrin náà bá gbà, ẹyọ mẹ́jọ ni yóò fi dáhùn: "ẹ̀jọ", ìyẹn ni pé ọ̀rọ̀ àwọn méjèèjì jọra.

Kì í ṣe iye nìkan ló ń sọ̀rọ̀. Bí wọ́n bá so ẹyọ méjì tí wọ́n kọjú síra, ọ̀rẹ́ ni. Bí wọ́n bá kẹ̀yìn síra, ìjà ti dé nìyẹn. Ẹyọ kan náà ni, okùn kan náà ni. Ọwọ́ tó so ó ló yí ìtumọ̀ rẹ̀ padà.

Ohun kan tó yẹ kí a kíyè sí ni pé inú èdè ni àwàdà yìí wà. Ẹni tí kò gbọ́ Yorùbá tó gba ẹyọ mẹ́fà, owó lásán ló rí gbà. Ní nǹkan bí ọdún 1833, Momolu Duwalu Bukele ti ṣẹ̀dá ọ̀nà ìkọ̀wé fún àwọn Vai, ní ibi tí wọ́n ń pè ní Liberia lónìí. Ní 1843 ni ìwé tí Samuel Àjàyí Crowther fi ṣàkójọ ọ̀rọ̀ Yorùbá jáde. Síbẹ̀, àrokò kò kú lójijì. Gollmer ṣì rí i tí wọ́n ń fi ránṣẹ́.

Igbá tó ṣófo

Samuel Johnson, nínú ìwé ìtàn Yorùbá rẹ̀ tó parí ní 1897 ṣùgbọ́n tí wọn kò tẹ̀ títí di 1921, sọ nípa àrokò kan tó le ju gbogbo èyí lọ. Ní ìparí ọ̀rúndún kejìdínlógún, nígbà tí Ààfin Ọ̀yọ́ àti àwọn olóyè dojú ìjà kọra wọn, wọ́n gbé igbá kan ránṣẹ́ sí Aláàfin Aólẹ̀. Wọ́n fi ọmọrí dé e dáadáa. Kò sí nǹkan kan nínú rẹ̀.

Orí ọba ni wọ́n ń béèrè. Johnson ní lẹ́yìn tí Aólẹ̀ ti fi àwọn ènìyàn rẹ̀ bú, ó gbé májèlé jẹ. Nínú gbogbo ìtàn nípa ohun tí wọ́n fi ń gbé ẹ̀bùn, bóyá ni a óò rí èyí tó wúwo tó igbá tí kò gbé nǹkan kan yìí.

Igbá kan náà ni wọ́n sì ń fi gbé ohun ayọ̀. Àwọn onígbá Ọ̀yọ́ ló gbajúmọ̀ jù nídìí iṣẹ́ fífín. Wọn a là á, wọn a họ inú rẹ̀, wọn a sá a gbẹ, kí wọ́n tó fi ọ̀bẹ fín ọnà sí i lára. Àwọn mìíràn a fi irin gbígbóná jó ọnà náà sí i kó lè dúdú. Igbá fínfín tó ní ọmọrí jẹ́ ohun tí wọ́n fi ń gbé ẹrù ìyàwó, kò sì sí ẹni tó ń jù ú nù lẹ́yìn ayẹyẹ. Ìyàtọ̀ ńlá nìyí sí ọ̀rá tí a ń ya dànù lónìí.

Ewé náà ní ipò tirẹ̀. Ewé ni àwọn oníṣòwò obì fi ń tẹ́ agbọ̀n, tí wọ́n sì fi ń bò ó, kí obì má bàa gbẹ lójú ọ̀nà.

Kérésìmesì, hámpà àti àdìrẹ Olóba

Badagry ni Thomas Birch Freeman àti Henry Townsend ti ṣe Kérésìmesì ọdún 1842. Bí ẹ̀sìn náà ṣe ń gbilẹ̀ ni àṣà ẹ̀bùn ti àwọn Gẹ̀ẹ́sì ń bá a bọ̀, títí kan hámpà: agbọ̀n tí wọ́n kó bisikíìtì, mílíìkì àti wáìnì sí, tí wọ́n fi ọ̀rá tó ń dán bò, tí wọ́n sì so ríbọ́n mọ́. Agbọ̀n kò ṣàjèjì sí wa. Ọ̀rá yẹn ló jẹ́ tuntun, nítorí ó ń fi ohun tó wà nínú rẹ̀ han gbogbo ojú. Igbá ní tirẹ̀ a máa bò ó mọ́lẹ̀ títí ẹni tó ni í yóò fi ṣí i.

Àwọn aláró náà kò jókòó lásán. Nígbà tí ọba Gẹ̀ẹ́sì, George Karùn-ún, ṣe ayẹyẹ ọdún 25 lórí oyè ní 1935, wọ́n mú àwòrán ọba àti ayaba láti ara àwọn ohun ìrántí ayẹyẹ náà, wọ́n sì sọ ọ́ di àdìrẹ tí wọ́n ń pè ní Olóba. Nítorí náà, ẹni tó bá ní àdìrẹ kò gbọdọ̀ gba nǹkan òde mọ́ra kò tíì wo Olóba dáadáa.

Ibi tí èdè náà kù sí

Ibi ìdána ni àrokò ti ṣì ń sọ̀rọ̀ sókè jù lónìí, bó tilẹ̀ jẹ́ pé àwọn ènìyàn kì í pè é bẹ́ẹ̀ mọ́. Obì wà níbẹ̀ láti bi ibi dànù, orógbó kí tọkọtaya lè gbó. Ataare tó kún fún ọmọ inú rẹ̀ dúró fún ọmọ, oyin fún adùn. "Ẹ̀fà" àti "fà" kọ́ nìyí, ṣùgbọ́n ọgbọ́n kan náà ni. Ó kàn jẹ́ pé abọ́ rọ́bà ti gba ipò igbá nínú ọ̀pọ̀ ilé, bẹ́ẹ̀ iṣẹ́ òòjọ́ àwọn onígbá ló ń bá a lọ.

Ní Èkó, Ìbàdàn àti láàárín àwọn Yorùbá tó wà ní London, àwọn tó ń ṣètò ẹrù ìdána àti ẹ̀bùn ọdún ti ń dá igbá, ewé àti aṣọ òkè padà sórí tábìlì. Owó ẹyọ ni wọ́n fẹ́ràn jù, torí pé ó rọrùn láti lẹ̀ mọ́ páálí. Ibẹ̀ gan-an ni kí oníbàárà ti la ojú rẹ̀, pàápàá bó bá jẹ́ pé ẹ̀bùn ìgbéyàwó ni: bó bá jẹ́ ẹyọ méjì ni wọ́n fẹ́ lẹ̀ mọ́ ọn, kí ó ní kí wọ́n kọ wọ́n lójú síra.