Àpáàdì, Agolo àti Náílọ̀n: Ìtàn Ohun Tí Wọ́n Ń Gbin Ọmọ Kòkó Sí Kó Tó Dé Oko

Ní ilẹ̀ Yorùbá, ààtàn ni ọgbà irúgbìn àkọ́kọ́ tí ọ̀pọ̀ agboolé ní, bó tilẹ̀ jẹ́ pé kò sẹ́ni tó dìídì dá a sílẹ̀ fún iṣẹ́ náà. Ibẹ̀ ni wọ́n ń da eérú, èèpo iṣu àti ìdọ̀tí ilé sí, ibẹ̀ náà sì ni hóró ata, tòmátò àti ìbẹ́pẹ tí wọ́n bá pàǹtírí dà nù ti ń hù fúnra wọn, títí obìnrin ilé yóò fi wá fa èyí tó bá wù ú tu, tí yóò lọ tún un gbìn síbi tó fẹ́. Àpáàdì, ìyẹn àfọ́kù ìkòkò, kì í sábà pẹ́ lórí ààtàn náà kí ẹnìkan tó rí iṣẹ́ fún un: wọ́n lè fi fọn iná láti ilé aládùúgbò, wọ́n sì lè bu ilẹ̀ dúdú sínú rẹ̀ kí efinrin lè wà nítòsí ààrò, níbi tí ewúrẹ́ kò ti ní dé ọ̀dọ̀ rẹ̀. Àṣà mímú ohun tó ti fọ́ ṣe ohun mìíràn yìí ti pẹ́ gan-an, nítorí pé àpáàdì tí wọ́n tò ní ìdúró, tí etí rẹ̀ kọjú sókè, ni àwọn ará Ilé-Ifẹ̀ àtijọ́ fi tẹ́ àgbàlá àti ojú ọ̀nà wọn, àwọn awalẹ̀pìtàn sì ti hú púpọ̀ jáde nínú rẹ̀.

Nígbà tí kòkó dé, inú àṣà yìí ló bọ́ sí. Ìtàn ohun tí wọ́n ń gbin ọmọ kòkó sí, ìyẹn kòkó kékeré tó ṣẹ̀ṣẹ̀ hù tí wọn kò tíì kó lọ sí oko, ń fi hàn pé léraléra ni àwọn aláṣẹ ètò ọ̀gbìn yan ohun kan fún àgbẹ̀, tí àgbẹ̀ sì wo inú ilé ara rẹ̀, tó mú ohun tí wọ́n ti jẹ tàbí tí wọ́n ti mu ohun inú rẹ̀ tán, tó fi dípò rẹ̀.

Ìwà hóró kòkó fúnra rẹ̀ ló kọ́kọ́ dá wàhálà sílẹ̀. Àgbàdo irúgbìn ṣeé so kọ́ sókè ààrò kí èéfín máa rú sí i títí di ọdún tó ń bọ̀, ṣùgbọ́n hóró kòkó kò gba irú ìtọ́jú bẹ́ẹ̀, nítorí pé bí wọ́n bá ti yọ ọ́ kúrò nínú èso rẹ̀, tó sì gbẹ, ó ti kú nìyẹn. Nítorí náà, èso kòkó gan-an, pẹ̀lú èèpo rẹ̀ tó nípọn, ni ohun àkọ́kọ́ tí wọ́n fi gbé irúgbìn kòkó rìn. Oníṣòwò ọmọ Sàró kan ní Èkó, James Pinson Labulo Davies, dá oko kòkó sílẹ̀ ní Ìjọn, ní ìwọ̀-oòrùn Agége, ní nǹkan bí ọdún 1880, àwọn olóko mìíràn tó wà ní agbègbè Agége, tí Jacob Kehinde Coker jẹ́ aṣáájú láàárín wọn, sì dá ẹgbẹ́ àwọn olóko sílẹ̀ ní ọdún 1907. Àwọn alágbàṣe tó ti ilẹ̀ Yorùbá òkè wá ṣiṣẹ́ ní oko wọ̀nyí kò mú owó nìkan padà sílé. Ẹni tó bá di èso kòkó bíi mélòó kan mọ́ ẹrù rẹ̀ ti di oko sínú ẹrù, nítorí pé èso kan ṣoṣo a máa ní hóró tó ọgbọ̀n sí ogójì nínú.

Bí irúgbìn bá ti délé, ọ̀nà méjì ló wà. Èkíní ni pé kí wọ́n ri hóró méjì tàbí mẹ́ta sínú ihò kan náà nínú oko, lábẹ́ ọ̀gẹ̀dẹ̀ tàbí lẹ́gbẹ̀ẹ́ kókò, tó fi jẹ́ pé kókò ni ó ń ṣíji bo kòkó, ohùn orí ọ̀rọ̀ nìkan ló sì ya orúkọ àwọn méjèèjì sọ́tọ̀. Èkejì ni pé kí wọ́n gbin hóró púpọ̀ pọ̀ sí ojú kan létí odò, kí wọ́n sì fà wọ́n tu lẹ́yìn oṣù díẹ̀ fún gbígbìn sí oko. Ọ̀nà kejì yìí rọrùn láti bomi rin, ṣùgbọ́n ó léwu fún kòkó ju fún ata lọ, nítorí pé gbòǹgbò ńlá kan ni kòkó máa ń kọ́kọ́ ta sísàlẹ̀ tààrà, bí wọ́n bá sì fa ọmọ kòkó tu ní ìhòòhò, ṣóńṣó gbòǹgbò náà a máa ṣẹ́ sínú ilẹ̀. Ibí yìí ni ohun tó ń gba erùpẹ̀ dúró mọ́ gbòǹgbò ti di dandan.

Ní ìlú Lọ́ńdọ̀nù, ọ̀rọ̀ náà ti gba ọ̀nà mìíràn yọ. Ní ọdún 1829, oníṣègùn kan tó ń jẹ́ Nathaniel Bagshaw Ward fi àfòpiná tí kò tíì yọ ìyẹ́ sínú ìgò tó ní erùpẹ̀ tútù nísàlẹ̀, ó sì dé e pa, kó lè wo bí yóò ṣe para dà. Koríko àti ewéko tí wọ́n ń pè ní ọmu ni ó hù nínú ìgò náà dípò, wọ́n sì wà láàyè láìsí pé ẹnìkan bomi rin wọ́n, nítorí pé ooru omi tó ń gòkè lára erùpẹ̀ ń padà sílẹ̀ gẹ́gẹ́ bí ìrì. Láti inú ìgò ilé yìí ni àpótí onígíláàsì tí wọ́n fi orúkọ Ward pè ti jáde, èyí tí wọ́n fi kó ewéko kọjá òkun lọ sí Australia ní ọdún 1833 láti dán an wò, tí ọgbà ọ̀gbìn Kew sì fi kó ọmọ igi rọ́bà ránṣẹ́ sí Sri Lanka òde òní ní ọdún 1876. Ní ọdún 1887, Alfred Moloney, gómìnà Èkó nígbà náà, dá ọgbà ọ̀gbìn sílẹ̀ ní Èbúté-Mẹ́tta kí wọ́n lè máa hu irúgbìn àwọn ohun tó ṣeé tà sókè òkun, kí wọ́n sì máa pín in kiri, bẹ́ẹ̀ sì ni ọgbọ́n ọgbà bẹ́ẹ̀ wọ ilẹ̀ Yorùbá.

Àpótí onígíláàsì wúlò fún ọkọ̀ ojú omi, ṣùgbọ́n kò sí àgbẹ̀ tó lè rà á. Ohun tó gbajúmọ̀ nínú àwọn ọgbà ilẹ̀ olóoru ni ọparun. Wọ́n á gé e ní oríkèé oríkèé, tí oríkèé ìsàlẹ̀ yóò fi jẹ́ ìdí rẹ̀, wọ́n á lu ihò kan sí ìdí náà kí omi lè jáde, wọ́n á sì kó erùpẹ̀ kún un. Ní ọjọ́ tí wọ́n bá fẹ́ gbìn ín sí oko, àdá kan ni wọn yóò fi là á, erùpẹ̀ yóò sì jáde ní odidi pẹ̀lú gbòǹgbò nínú rẹ̀. Apẹ̀rẹ̀ kékeré tí wọ́n fi imọ̀ ọ̀pẹ hun tún dára ju bẹ́ẹ̀ lọ ní ọ̀nà kan, nítorí pé ó ṣeé sin mọ́ kòkó kó jẹrà níbẹ̀, àmọ́ híhun apẹ̀rẹ̀ ẹgbẹ̀rún kan fún ẹgbẹ̀rún kan ọmọ kòkó kì í ṣe iṣẹ́ kékeré, ẹni tó sì ní àkókò fún un ṣọ̀wọ́n nígbà tí ilẹ̀ oko ń dúró de ìsán.

Agolo ni ilé mú wá. Bí mílíìkì inú agolo àti kẹrosíìnì inú garawa ti ń wọ ìgbèríko, bẹ́ẹ̀ ni agolo ń ṣẹ́kù, kò sì sí ilé tó ń jù ú nù kíákíá. Agolo mílíìkì kúrú jù fún kòkó, nítorí pé gbòǹgbò rẹ̀ a tètè kanlẹ̀, a sì bẹ̀rẹ̀ sí í lọ́ mọ́ra, ṣùgbọ́n ó tó ata àti tòmátò. Ìṣó ni wọ́n fi ń lu ìdí rẹ̀. Bí ihò náà bá pọ̀ tó sì wẹ́, agolo kan náà di ohun ìbomirin, ẹni tó bá sì mọ ajere, ìkòkò oníhò wẹ́wẹ́ tí àwọn àgbà ń lò nídìí ààrò, yóò rí i pé ọgbọ́n tó wà nínú rẹ̀ ti pẹ́ lọ́wọ́ amọ̀kòkò kí páànù tó dé.

Àárín ọgọ́rùn-ún ọdún ogún ni ọ̀rọ̀ náà di ti ìjọba pátápátá. Ní ọdún 1944, wọ́n rí àrùn kan ní agbègbè Ìbàdàn tó ń mú ẹ̀ka àti gbòǹgbò kòkó wú, tí kòkòrò funfun wẹ́wẹ́ ń kó láti ara igi kan sí òmíràn, tí kò sì ní oògùn ju kí wọ́n gé igi náà lọ. Gígé tí àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba ń gé igi olóko mú ìbínú wá, síbẹ̀ ó tún mú kí àìní ọmọ kòkó tuntun pọ̀ ju ti tẹ́lẹ̀ lọ, pàápàá ti ẹ̀yà Amazon tó gba Trinidad dé ibùdó ìwádìí tó wà ní Tafo ní orílẹ̀-èdè Ghana. Ibùdó ìwádìí ti Nàìjíríà fúnra rẹ̀ di ilé-iṣẹ́ orílẹ̀-èdè tó dá dúró ní oṣù Kejìlá ọdún 1964, ní Ìdí-Ayùnrẹ́ lẹ́bàá Ìbàdàn. Ní àsìkò yìí ni àpò dúdú tí wọ́n fi polythene ṣe gba ipò ọparun àti apẹ̀rẹ̀. Àwọn onímọ̀ kẹ́míkà ní Northwich ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ló ṣàwárí ohun èlò náà ní ọdún 1933; náílọ̀n ni àwọn Yorùbá ń pè é, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ohun mìíràn gédégédé ni náílọ̀n lọ́dọ̀ onímọ̀ kẹ́míkà, kò sì sí ìdí fún ẹnikẹ́ni láti máa bá ọjà jà lórí orúkọ. Dúdú tó dú wúlò, nítorí pé ìmọ́lẹ̀ kì í wọlé bá gbòǹgbò nínú rẹ̀.

Ní ọdún 1986, ìjọba tú àjọ tó ń ra kòkó lọ́wọ́ àgbẹ̀ ká, owó náírà sì wálẹ̀, tó bẹ́ẹ̀ tí ohun tí wọ́n ń rà fún oko fi di ohun tí olúkúlùkù ń fi àpò ara rẹ̀ rà. Ní àwọn ọdún 1990, omi inú náílọ̀n tí wọ́n ń fi ẹ̀rọ lẹ̀ pa, tí gbogbo ènìyàn mọ̀ sí píọ̀ wọ́tà, gba ìgboro lọ́wọ́ áìsì wọ́tà tí wọ́n ń fi ọwọ́ so. Ogún náílọ̀n ló ń wà nínú báàgì kan, bí wọ́n bá sì ti ṣe ìgbéyàwó tàbí ìsìnkú kan tán, náílọ̀n tó bo ilẹ̀ tó láti fi bẹ̀rẹ̀ oko.

Ìlò rẹ̀ gba ọgbọ́n díẹ̀. Igun kan ni ẹni tó mu omi náà ti fi eyín ya, nítorí náà wọ́n á fi bíléèdì gé orí rẹ̀ dọ́gba, wọ́n á gún ìsàlẹ̀ rẹ̀ ní ibi mẹ́rin tàbí márùn-ún, wọ́n á sì rọ ilẹ̀ dúdú tí wọ́n ti kù, tí wọ́n sì ti fi ìgbẹ́ adìẹ tó jẹrà pò, sínú rẹ̀, wọ́n á máa gbọ̀n ọ́n kí afẹ́fẹ́ má bàa há sí igun. Láàárín oṣù Kọkànlá sí oṣù Kìn-ín-ní ni wọ́n ń gbin hóró kòkó sí i, lábẹ́ àtíbàbà imọ̀ ọ̀pẹ tí kò jìnnà sí omi, kí ọmọ kòkó lè tó kó lọ sí oko nígbà tí òjò bá dúró dáadáa. Láàárín nǹkan bí ọ̀sẹ̀ méjì, hóró yóò gbé ara rẹ̀ jáde látinú erùpẹ̀, yóò wà ní orí igi tẹ́ẹ́rẹ́ bí ẹni tó ru ẹrù, kó tó la sí méjì. Àléébù náílọ̀n omi hàn kedere sí ẹni tó bá ń lò ó: ó kúrú ju àpò dúdú lọ, ó sì mọ́ gaara, tó fi jẹ́ pé èéhù aláwọ̀ ewé a máa yí erùpẹ̀ inú rẹ̀ ká níbi tí oòrùn bá ti kàn án. Ìdáhùn àgbẹ̀ ni pé kí wọ́n tò wọ́n sún mọ́ra kí ọ̀kan máa ṣíji bo èkejì, kí wọ́n má sì jẹ́ kí kòkó pẹ́ jù nínú rẹ̀.

Irú ọgbọ́n yìí kò mọ sí ilẹ̀ Yorùbá. Ní orílẹ̀-èdè Kenya, nínú ẹgbẹ́ agbingi tí Wangari Maathai dá sílẹ̀ ní ọdún 1977, àwọn obìnrin ìgbèríko hu irúgbìn igi nínú àfọ́kù ìkòkò àti agolo tó wà nílé wọn, bó tilẹ̀ jẹ́ pé àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba kan rò pé ẹni tó bá kàwé nípa igbó nìkan ló lè ṣe é.

Ọjọ́ tí wọ́n bá fẹ́ gbin kòkó sí oko ni ìyàtọ̀ tó wà láàárín ọparun àti náílọ̀n máa ń hàn jù. Ẹni tó la ọparun lè fi í sílẹ̀ síbẹ̀ kí ikán jẹ ẹ́, ṣùgbọ́n náílọ̀n gbọ́dọ̀ kúrò lára gbòǹgbò kí wọ́n tó ki kòkó bọ ihò, nítorí pé gbòǹgbò tí wọ́n sin mọ́ inú rẹ̀ yóò máa yí po níbẹ̀, igi náà yóò sì máa ràn bí ẹni tí kò jẹun yó nígbà tí àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ bá ti ń so. Nítorí náà ni àwọn olóko kan fi máa ń fi náílọ̀n tí wọ́n ti ya kọ́ sórí igi kékeré lẹ́gbẹ̀ẹ́ ihò kọ̀ọ̀kan bí wọ́n ti ń gbìn lọ, kí ẹni tó bá ń bọ̀ lẹ́yìn lè kà á, kó sì mọ èyí tí wọ́n gbàgbé láti bọ́.